Kábínẹ́ẹ̀tì kọ̀rọ̀ kíṣìnì mi, ibi tí ìkòkò ń wọ̀ lọ tí kì í padà wá

Ọjọ́ keje tí mo bímọ, tó jẹ́ pé ọjọ́ kejì ẹ̀ ni súnà, ìyá mi tó wá láti Òmù-Àrán láti wá bá mi wẹ ọmọ ní kí n sọ ibi tí ìkòkò ńlá wà fáwọn. Mo ní, "Màámi, ó wà ní kọ̀rọ̀." Wọ́n ní kọ̀rọ̀ wo. Mo ní kọ̀rọ̀ inú kábínẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo inú ẹ̀, wọ́n nàró, wọ́n di ìbàdí mú, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá wò mí bíi pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkọ mi ló padà dojú bolẹ̀ lórí táìlì. Ó fi eyín di fóònù mú, tọ́ọ̀ṣì fóònù ń tàn, ó ti èjìká kan wọlé, orí ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ táátáá bí ẹni ń wá ọ̀kẹ́rẹ́ nínú ihò. Ohun tó kọ́kọ́ fà jáde kì í ṣe ìkòkò. Ọ̀rá èlùbọ́ kan ni, kòkòrò ti jẹ ẹ́ títí èlùbọ́ fúnra ẹ̀ ti ń rìn. Lẹ́yìn ẹ̀, abọ́ rọ́bà mẹ́ta, àwọn tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ọkọ àtìyàwó sí lára, ọ̀kan nínú wọn, tọkọtaya yẹn ti bí ọmọ mẹ́ta báyìí. Lẹ́yìn ẹ̀, ìdérí bílẹ́ńdà tí mo wá títí tí mo fi ra bílẹ́ńdà míì. Lẹ́yìn ẹ̀, eku kan tó ti kú, tó ti gbẹ bíi pańla. Ìkòkò ló jáde gbẹ̀yìn.

Ìyá mi wo gbogbo ẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní, "Kọ̀rọ̀ tọ́wọ́ ò tó, eku ló ni ín." Wọn ò sọ nǹkan míì, wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n lọ fọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìyá ṣe máa ń rí, wọ́n á sọ ọ́ bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan, èèyàn á wá máa gbọ́ ọ lóru nígbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú.

Ilé tí à ń gbé ní Tánkẹ́ n'Ílọrin, yàrá méjì àti pálọ̀ ni, kíṣìnì ẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 7 lọ. Tí èmi àti ọkọ mi bá jọ wà níbẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde kí ẹnì kejì tó lè ṣí fíríìjì. Síńkì wà lábẹ́ fèrèsé, ibi ìdáná wà lára ògiri kejì, àwọn méjèèjì wá pàdé ní kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n kiri pẹ̀lú tépù, ọmọ lẹ́yìn mi, kí n lè mọ ohun tó ń ṣe é.

Bó ṣe rí rèé. Kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ tí àwọn káfíńtà ń kàn fún wa sábà máa ń jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ìyẹn bíi 60 sẹ̀ǹtímítà. Tí méjì bá wá pàdé lára ògiri, ẹsẹ̀ bàtà 2 ti ọ̀tún á gun ẹsẹ̀ bàtà 2 ti òsì, ojú ibi tí wọ́n ti gun ara wọn yẹn ò ní ilẹ̀kùn tiẹ̀. Ilẹ̀kùn aládùúgbò lẹ máa gbà wọ ibẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń la yàrá ayálégbé míì kọjá kó tó dé tiẹ̀. Ti èmi, ilẹ̀kùn tó wà níwájú fẹ̀ ní ínṣì 14 péré, láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn dé òpin kọ̀rọ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ọwọ́ tèmi láti èjìká dé orí ìka, ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínṣì díẹ̀ ni. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Ibi tó kù yẹn, kò sí bí mo ṣe lè na ọwọ́ tó, àfi kí n gbé ara mi wọlé. Mo tún ti ń fi gbogbo ọdún mẹ́ta tí a gbé ilé yẹn bú ara mi pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to kíṣìnì, nígbà tó jẹ́ pé ínṣì ló ń bá mi jà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a wẹ ọmọ tán, mo ń ráhùn lé e lórí, ìyá mi wá ní àwọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ, pé nínú ilé ìdáná ìyá tiwọn, kọ̀rọ̀ ni ibi tó dáa jù. Mo ní báwo. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àmù máa ń jókòó sí. Ìdí àmù rí róbótó, kò lè dá dúró, wọ́n á wá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n á fi iyanrìn sí i, wọ́n á gbé e lé e, ògiri méjèèjì á gbá a mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ewúrẹ́ tó bá wọlé ò lè taari ẹ̀, ọmọdé ò lè gbé e ṣubú. Oòrùn ò tún débẹ̀, omi inú ẹ̀ á tutù nini. Ọmọrí odó náà, kọ̀rọ̀ ló máa ń fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ílọrin, tẹ́ ẹ bá dé Òkèlele, níbi tí wọ́n ń pè ní Dada, àwọn ìyá tó ń fi amọ̀ mọ ìkòkò ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ wo bí ìdí àwọn ìkòkò yẹn ṣe rí, kò sí èyí tó dà bíi pé ó fẹ́ jókòó sórí táìlì.

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ àmù yẹn dáadáa, ìgbà yẹn ni ojú mi là. Òkè ni ẹnu àmù wà. Ẹni tó bá fẹ́ bu omi á dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, á ti kèrègbè bọ̀ ọ́, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń ki orí bọ kọ̀rọ̀ kó tó mumi. Kọ̀rọ̀ ò ṣẹ̀ wá o jàre, àwa la gbé ẹnu ẹ̀ síbi tí kò yẹ, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́, a tún wá ṣe é ní kékeré. Látìgbà yẹn, gbogbo ohun tí mo gbìyànjú, ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ni mo gbé sọ́kàn: báwo ni mo ṣe lè mú kí ẹnu kọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ mi.

Àmọ́ ẹ máa rántí pé ayálégbé ni wá. Alhaji tó nilé wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ilé wọn, ojú wọn kì í kúrò níbẹ̀. Mo lọ bá wọn ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tún kábínẹ́ẹ̀tì kíṣìnì ṣe díẹ̀ sà." Wọ́n ní kí ló ṣe é. Mo ní kò ṣe nǹkan kan sà, ọwọ́ ò tó inú ẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé kábínẹ́ẹ̀tì ló jìn jù ni àbí ọwọ́ ẹ ló kúrú?" Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣé mo lè ṣe kí n má rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní, "Ẹ tún un ṣe. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá fi ìṣó kàn mọ́ ilé, ilé ló ni ín o, ẹ ò ní tú u lọ. Ẹ má sì dá ihò míì sí i fún mi." Ó ní ìdí tí wọ́n fi sọ pé "míì", màá sọ ọ́ tó bá yá.

Nítorí náà, kò sí gígé, kò sí ìṣó. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ò ná mi ní nǹkan gidi. Mo ra agbọ̀n rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ní ọjà Ìpàtà, èyí tó gùn tí kò fẹ̀, mo so okùn mọ́ ìmú wọn níwájú, mo ti ọ̀kan síwájú ìkejì wọ inú kọ̀rọ̀ lọ, mo jẹ́ kí orí okùn méjèèjì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tí mo bá fẹ́ nǹkan, mo fa okùn. Ó ṣiṣẹ́ o. Fún àwọn nǹkan fúyẹ́, bíi báàgì ọ̀rá, ṣíbí rọ́bà, abọ́ tẹ́ ẹ lè fi sílẹ̀ lẹ́yìn àwẹ̀ títí àwẹ̀ míì, kò sí ohun tó dáa tó o, ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ kó dúró síbẹ̀. Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni ìkòkò. Mo kó ìkòkò mẹ́ta sínú agbọ̀n kan, mo fa okùn, okùn já, agbọ̀n dúró síbi tó wà, èmi jókòó sílẹ̀ gbì. Ìgbà yẹn ni mo tó pe káfíńtà.

Káfíńtà wa, ọ̀dọ́mọdé ni, ó mọṣẹ́, àmọ́ kì í fẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́. Mo fi fídíò kan hàn án lórí YouTube, pátákó róbótó kan tó wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì tó ń yí, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ohun tó wà lẹ́yìn á yí wá síwájú. Lazy Susan ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ìyẹn Susan Ọ̀lẹ, mi ò mọ ohun tí Susan ṣe fún wọn. Ẹ lè ti rí irú ẹ̀ lórí tábìlì ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, abọ́ ọbẹ̀ á wà lórí ẹ̀, oníkálukú á máa yí i wá sọ́dọ̀. Káfíńtà ní, "Màmá Ìkókó, ìyẹn ò le." Ó fa tépù yọ, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ 24 sára ògiri pẹ̀lú pẹ́ńsù, sára ògiri Alhaji o, mo fi omi ọṣẹ nù ún lálẹ́.

Ọjọ́ kẹta ó gbé pátákó róbótó dé láti sọ́mìlì, ó fi sáńpépà dán an títí ó ń yọ̀, ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀. A gbìyànjú ẹ̀, kò yí. Ó wọlé o, ṣùgbọ́n kò lè tẹ́ dáadáa, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, á há mọ́ ẹ̀yìn, á há mọ́ iwájú. Ó tì í, ó tún un gbé, kò yí. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀, mo fi tépù tèmi wọ̀n ọ́n láti inú. Ínṣì 22 àti ààbọ̀. Ìta ló wọ̀n, kò wọ̀n inú. Pátákó tí wọ́n fi kan kábínẹ́ẹ̀tì nípọn níwájú, ó nípọn lẹ́yìn, bí ínṣì kan dín díẹ̀ níhìn-ín, bí ínṣì kan dín díẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Páìpù síńkì tún gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kọjá. A gé e padà sí ínṣì 20, ó ní òun ò ní gba owó lórí gígé ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ní ẹ ṣé, lọ́kàn mi mo ní ṣé èmi ni mo wọ̀n ọ́n ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, inú ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n lókè, nítorí kábínẹ́ẹ̀tì ilé wa níbí, bó ṣe fẹ̀ lókè kọ́ ló ṣe ń fẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹnì kan á ní báwo ni pátákó tó fẹ̀ ní ínṣì 20 ṣe gba ilẹ̀kùn ínṣì 14 wọlé. A dà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, a tì í wọlé bí ìgbà téèyàn ń ti owó ẹyọ sínú kóló, ó dé inú tán a wá tẹ́ ẹ. Ohun tó ń mú un yí ni irin pẹlẹbẹ méjì tí bíárìn wẹ́wẹ́ wà láàrin wọn, káfíńtà rí i rà lójú ọ̀nà Táíwò. Ó fi nọ́ọ̀tì de irin òkè mọ́ pátákó róbótó, ó de irin ìsàlẹ̀ mọ́ pátákó kékeré kan, níbi tí a ò sì ti gbọ́dọ̀ kan ìṣó mọ́ ilé Alhaji, mo mú sílípáàsì ọkọ mi kan tó ti jẹ tán, mo gé e sí mẹ́rin, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pátákó kékeré yẹn. Rọ́bà yẹn di ilẹ̀ mú pinpin. Ọjọ́ tí a bá ń kó lọ, màá gbé e lábẹ́ apá bí ẹni gbé àtẹ.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e kalẹ̀ sí tún ṣe pàtàkì o. Káfíńtà fẹ́ tì í sí ìsàlẹ̀ kọ̀rọ̀ pátápátá, mo ní rárá, ẹ fà á wá kí bí ìdajì ẹ̀ hàn lẹ́nu ilẹ̀kùn, nítorí tí ẹ ò bá rí i tí ọwọ́ ò sì kàn án, ta ló fẹ́ yí i. Àyè tó wá kù lẹ́yìn ẹ̀ níkangun lọ́hùn-ún, kúlà ńlá òfìfo tí a máa ń lò fún ìnáwó ni mo gbé síbẹ̀, mo so okùn mọ́ etí ẹ̀ (ọgbọ́n agbọ̀n yẹn ò ṣòfò), nítorí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń lò ó.

Ó ní àbùkù tiẹ̀ ṣá. Nǹkan róbótó kì í kún ibi onígun mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá gé róbótó tó tóbi jù nínú pátákó onígun mẹ́rin, bí ìdá 1 nínú 5 pátákó yẹn ló máa ṣẹ́ kù sí àwọn igun. Àyè tẹ́ ẹ pàdánù nìyẹn. Àwọn òyìnbó ti rí i, wọ́n wá ṣe oríṣiríṣi nǹkan sí i. Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, Kesseböhmer, ń ṣe èyí tí wọ́n pè ní LeMans, pẹpẹ méjì tó tẹ̀ bíi hóró ẹ̀wà, tẹ́ ẹ bá fà á, gbogbo pẹpẹ yẹn pẹ̀lú ẹrù orí ẹ̀ á rá jáde síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí i bíi pé ejò ń jáde nínú ihò. Ó wù mí. Mo béèrè iye ẹ̀, mo dákẹ́. Owó pátákó mi, bíárìn, gọ́ọ̀mù àti iṣẹ́ káfíńtà, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò tó ìdajì àpò ìrẹsì, mo sì ń jẹ ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ lèmi ti ṣìṣe jù. Nǹkan ńlá tí kò pọ̀ ni ẹ gbé síbẹ̀, ẹ má kó nǹkan wẹ́wẹ́ tó pọ̀ síbẹ̀. Ìkòkò Iléyá, apẹ àkàrà, páànù ìyan-nǹkan, rọ́bà tí ẹ fi ń po ìyẹ̀fun. Ẹ kó wọn sínú ara wọn, èyí tó wúwo ní àárín, èyí tó fúyẹ́ létí, tí gbogbo ẹrù bá wà lápá kan pátákó á máa dáwọ́ lé apá kan, bíárìn á sì tètè jẹ. Oúnjẹ gbígbẹ, ẹ má gbé e síbẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbẹ́ síńkì ni, páìpù máa ń jò díẹ̀díẹ̀ tí èèyàn ò ní mọ̀, ibẹ̀ ṣókùnkùn, atẹ́gùn ò wọ ibẹ̀, kòkòrò ò ní wá ibòmíì lọ. Èlùbọ́ ìyá mi tó ń rìn yẹn, èmi ni mo fà á. N'Ílọrin wa níbí ni olú ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oúnjẹ pa mọ́ wà, NSPRI, lójú ọ̀nà Asa Dam, bí wọ́n sì ṣe ń tọ́jú ọkà láì fi oògùn sí i nìyí: ohun tí atẹ́gùn ò ní lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ dé e pa, kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀ á mí atẹ́gùn tó kù tán, á kú. Ẹ̀wà àti èlùbọ́ mi ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì rọ́bà tó ní ìdérí líle báyìí, òkè ni mo gbé wọn sí, níbi tí ojú mi ti ń rí wọn lójoojúmọ́.

Ihò Alhaji wá kù. Ẹni tó gbé ilé yẹn ṣáájú wa, inú kọ̀rọ̀ yẹn ló gbé sìlíńdà gáàsì 12.5 kg sí, kó má bàa gba ilẹ̀, ó wá dá ihò sára pátákó kó lè gba họ́ọ̀sì kọjá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣe é, mo ti rí i nílé àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n á ní ó jẹ́ kí kíṣìnì mọ́. Ẹ gbọ́ o. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Tó bá jò, kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí bí omi, á sì wá ibi tó jìn tó pamọ́ láti kóra jọ sí, kí ni ibi tó jìn tó pamọ́ jù nínú kíṣìnì yín? Ilẹ̀kùn á tún wà ní pípadé, òórùn ẹ̀ ò ní tètè dé imú yín. Gáàsì fúnra ẹ̀ ò tilẹ̀ ní òórùn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ po nǹkan tó ń rùn mọ́ ọn ni kí ẹ lè mọ̀ tó bá ń jò, ẹ wá lọ gbé e ti ilẹ̀kùn mọ́. Ọjọ́ tí ó bá kóra jọ tán, iná fíríìjì tó ń tan tó ń kú nìkan tó láti ràn án. Ẹ gbé sìlíńdà síta, ẹ jẹ́ kí họ́ọ̀sì gba ara ògiri wọlé, tí kò bá ṣeé ṣe ẹ jẹ́ kó wà lójú ilẹ̀ gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ po ọṣẹ kó hó, ẹ fi pa orí ẹ̀ àti ara họ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá ń yọ ìfófó sí i, ó ń jò nìyẹn, kẹ́ ẹ yáa ti orí ẹ̀ kíá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má sì tan iná, ẹ má pa iná. Ti èmi, ìta ló wà látìgbà tí a ti dé. Ihò yẹn ni eku gbà wọlé, mo ti fi kànìnkànìn onírin dí i.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Gànmọ́, mo sáré pè é kí wọ́n tó da kọnkéré ibi ìdáná. Mo ní ìwọ tó nilé, ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe. Ó lè fi ojú kan sílẹ̀ lórí pẹpẹ ní kọ̀rọ̀, kó ṣe ìdérí sí i, kó gbé dírọ́ọ̀mù ìrẹsì tàbí gààrí tó dé pa sábẹ́ ẹ̀, kó máa ṣí i láti òkè kó máa bù ú, àmù ìyá ìyá mi náà nìyẹn. Tàbí kó ṣí kọ̀rọ̀ yẹn láti ẹ̀yìn, láti pálọ̀, tí kò bá tíì to búlọ́ọ̀kù dé ibẹ̀, abọ́ àlejò á máa wà níbẹ̀, àwọn tó wà ní kíṣìnì ò ní mọ̀ pé ó wà. Ọkọ ẹ̀ ní ṣé wọ́n á máa la ògiri nítorí abọ́ ni. Tàbí kó kàn fi búlọ́ọ̀kù dí i pa, kó gbàgbé ẹ̀, ìyẹn náà ò burú, tí kíṣìnì bá fẹ̀ tó, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2 ò tó ohun téèyàn ń pàdánù oorun lé lórí. Ó ní òun á rò ó. Mo gbọ́ pé wọ́n ti da kọnkéré.

Ti kọ̀rọ̀ òkè, ìyẹn kábínẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri, kò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu, kò jìn tó ti ìsàlẹ̀, ife àti àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀. Orí pẹpẹ gan-an ní kọ̀rọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímu ẹlẹ́rọ ni mo gbé síbẹ̀, ẹ̀rọ ẹ̀ kọjú síta. Ògiri gbá a mú lọ́tùn-ún lósì. Ìyá mi rí i, wọ́n ní, "Ẹ̀n ẹ́n," wọn ò fi nǹkan míì kún un.

Wọ́n tún wá ní Iléyá tó kọjá. Mo ti ń retí wọn, kì í ṣe torí ẹran nìkan. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí mo fi ní, "Màámi, ẹ wá wo nǹkan." Mo ṣí ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì, mo fi ìka kan péré kan etí pátákó, ìkòkò ńlá yí wá jẹ́jẹ́ láti inú òkùnkùn, ó dúró níwájú wọn. Wọ́n ní, "Háà! Ó ń jó!" Wọ́n kúnlẹ̀ bí ọmọdé, wọ́n yí i, wọ́n tún yí i, wọ́n wá yí i bí ẹni ń yí ọlọ. Ìgò òróró kékeré kan tí mo gbé sí etí ẹ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ pé kẹ́ ẹ má gbé nǹkan wẹ́wẹ́ síbẹ̀, fò, ó kọjá etí pátákó, mo gbọ́ ọ kò! níkangun lọ́hùn-ún, níbi ìdá 1 nínú 5 yẹn, pátákó wá há, kò yí síwájú, kò yí sẹ́yìn.

Káfíńtà ti sọ fún mi lọ́jọ́ tó gbé e wá pé kóun fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí ẹ̀ ká kí nǹkan má bàa máa fò jáde, pé owó díẹ̀ ni. Mo ní rárá, ó ti tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi di ìbàdí mú. Mo yọ gèlè, mo ki fóònù bọ ẹnu, mo dojú bolẹ̀. Mo ti pe káfíńtà láti ibẹ̀ yẹn. Ó ní Sátidé lòun ń bọ̀. Sátidé wo ni, kò sọ.